Ẹ̀rọ Tí Kò Rántí Àná

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹwàá

Ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ orúkọ ní ilé ìgbẹ̀bí wa, gba mízàjúù, àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, lọ́jọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ yìí mo tàn án ní aago méje ààbọ̀, aago mẹ́wàá sì kọjá kí n tó lè kọ orúkọ aboyún kan ṣoṣo. Obìnrin méjìdínlógún ló jókòó lórí àga gígùn, òjò ń ta sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun ń to inú dísìkì òun, kí n ní sùúrù. Mo ní sùúrù. Tàǹtí Àrìnpé tó ń gbẹ̀bí yọjú lẹ́ẹ̀mẹta.

“Mọ́tọ́lá, ṣé o sùn síbẹ̀ ni?”

“Tàǹtí, ẹ̀rọ ló ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe.”

“Kí ó tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Obìnrin kan ń bì níta.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹwàá

Bákan náà. Wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Mo ṣí ibi tí ó máa ń kọ ọjọ́ tó tò ó kẹ́yìn sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “jamais”. Kò tò ó rí, kò tò ó rí láéláé. Àná òde yìí ni mo jókòó tì í títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹwàá

Mo pe Anicet, ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe láti Àjàṣẹ́.

“C'est normal, Madáàmù. Ẹ̀rọ ń tọ́jú ara rẹ̀ ni.”

“Ní àràárọ̀?”

“Bon, mízàjúù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Yóò fìdí mọ́lẹ̀.”

Mo rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé dísìkì tuntun yìí sínú ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, èyí tí kò ní ohun kankan tó ń yí nínú. Òun náà ló sọ nígbà yẹn pé irú rẹ̀ kò fẹ́ títò, pé bí wọ́n bá ń tò ó ṣáá, ńṣe ni yóò máa gbó, bí aṣọ tó mọ́ tí ènìyàn ń fọ̀ lójoojúmọ́ títí yóò fi já. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fi fóònù sílẹ̀ kí n má bàa sọ ohun tí ó wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Kẹwàá

Láti òní ni n ó ti máa kọ wákàtí rẹ̀ síhìn-ín. Mo tàn án ní 7:34. Ó tò ó tán ní 9:51. “Jamais.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù Kẹwàá

7:31 sí 10:02. “Jamais.” Iná lọ ní 10:20. Nígbà tí iná dé, tí mo tún un tàn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin gbéra, wọ́n lọ sílé láìrí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Tchaada.

Ọjọ́rú, 16 oṣù Kẹwàá

Mo rí ibi tí wọ́n ti lè pa títò yìí. Ó wà níwájú mi gbangba, bọ́tìnnì kékeré kan. Ṣùgbọ́n mo ronú pé kí n kọ́kọ́ gba àṣẹ, nítorí akọ̀wé ni mí, n kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀rọ. Mo lọ bá Augustin, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ sẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa.

“Sẹ́ẹ̀fù, ẹ jẹ́ kí n pa á. Ó ń ba dísìkì jẹ́.”

“Kí ni Anicet wí?”

“Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.”

“Donc, Madáàmù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí kàwé jù wá lọ. Ẹ̀yin ẹ kọ orúkọ, kí ẹ̀rọ ṣe ti ẹ̀rọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n da orúkọ àwọn aboyún kọ sórí klé kékeré tí a ń kì bọ ẹ̀rọ nígbà náà.”

“Ṣé a ò ti sọ̀rọ̀ klé tán? Klé ló kó fáírọ́ọ̀sì wọlé lóṣù Kẹjọ.”

Bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí n má bàa sọ lọ́jọ́ iwájú pé n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹwàá

Ìwé orúkọ oṣù Kẹsàn-án kò ṣí. Ó ní ó bàjẹ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo dúró lábẹ́ igi ọ̀pẹ, mo bú ẹ̀rọ náà sókè bí ẹni ń bú ènìyàn. Àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ béèrè bóyá ọkọ mi ló ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Kẹwàá

Anicet dé ní aago mẹ́jọ, bàtà rẹ̀ funfun báláú, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè nínú ẹrẹ̀ bí àkùkọ. Ó wo ẹ̀rọ, ó ní òun yóò ní kí sísítẹ́ẹ̀mù yẹ dísìkì wò, kí ó sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe fúnra rẹ̀.

“Ẹ kọ́kọ́ kó orúkọ tó wà níbẹ̀ jáde,” ni mo wí.

“Madáàmù, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyí. Kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tún un ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kú, ó jí, ó ń ka nọ́ḿbà lọ sókè títí dé ọgọ́rùn-ún. Ó ní òun ti tún un ṣe. Ó tún kú, ó tún jí. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ di búlúù, ó ní òun kò rí dísìkì kankan tí òun lè ka. Anicet pa á, ó tàn án. Ó pa á, ó tàn án. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀.

“Ó tún un ṣe títí ó fi pa á,” ni mo wí.

Anicet yọ dísìkì náà, ó fi bébà wé e, ó ní òun yóò fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Cotonou.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Kẹwàá

Ọdún tó kọjá ni wọ́n kó ìwé ńlá tí a fi ń kọ orúkọ kúrò lórí tábìlì mi. Zéro papier, kò sí bébà mọ́, wọ́n ní. Wọ́n yà wá ní fọ́tò lọ́jọ́ náà, mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Orúkọ tí mo dà kọ sórí klé kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, aboyún mẹ́rìndínláàádọ́ta ló forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì wà nínú dísìkì tí wọ́n fi bébà wé.

Mo jẹun tán, n kò mọ ohun tí mo jẹ. Pọ́ọ̀lù ọkọ mi, tíṣà ni, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì òun.

“Àwọn obìnrin náà ṣáà wà láàyè. Ẹ tún orúkọ wọn kọ.”

“Làbó tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kì í kọ orúkọ. Nọ́ḿbà ló ń kọ. Ẹ̀rọ ló mọ ẹni tó ni nọ́ḿbà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ négátíìfù. Bí irú wọn bá bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tiwọn mu, abẹ́rẹ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ fún ìyá náà kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bí a kò bá fún un, ọmọ yìí lè yè, ṣùgbọ́n ara ìyá náà lè máa bá ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn jà nínú ikùn. Ó lè pa á.”

Pọ́ọ̀lù gbé ṣíbí kalẹ̀.

“Ẹ ò wá mọ àwọn mẹ́rin náà.”

“Mo mọ nọ́ḿbà wọn. Mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlógún, méjìlélógún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò mọ orúkọ wọn.”

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹwàá

Augustin pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “fausse manipulation”, àṣìlò láti ọwọ́ akọ̀wé, ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, ààyè wà fún ọwọ́ mi.

“Ìwé lásán ni, Madáàmù. Kí wọ́n lè fún wa ní òmíràn.”

“Ta ló fọwọ́ bà á tó fi kú? Èmi ni?”

“Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ṣe é.”

Mo ní, “Sẹ́ẹ̀fù, mo wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Ẹ ní kí n lọ kọ orúkọ.”

Ó wo fèrèsé. Mo jáde. Mo jókòó lórí àga àwọn aboyún. Ọ̀kan nínú wọn sún fún mi, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹwàá

Mo fa ìlà lé ọ̀rọ̀ wọn lórí. Mo kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ̀rọ náà fi ń to dísìkì ní àràárọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà, mo kọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, mo wá fọwọ́ sí i. Mo gbé e fún Augustin níwájú Tàǹtí Àrìnpé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya á sí méjì, ó jù ú sínú agbọ̀n. Ó ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé.

Gbígbàgbé, ó rọrùn fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹwàá

Ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń wo ìwé àyẹ̀wò olúkúlùkù, kánẹ̀ wọn, nítorí nọ́ḿbà làbó wà lórí rẹ̀. Mo rí ẹni tó ni mẹ́sàn-án. Mo rí méjìlélógún, ìyàwó télọ̀ kan ni níhìn-ín ní ìlú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Obìnrin méjìlá kò wá, òjò ti gé ọ̀nà.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Kẹwàá

Anicet pè láti Àjàṣẹ́. Ẹni tó wà ní Cotonou kò rí nǹkan kan mú jáde nínú dísìkì. Ohùn rẹ̀ kò rí bó ṣe máa ń rí.

“Madáàmù, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Kì í ṣe tiyín nìkan. Sísítẹ́ẹ̀mù náà ló ní àṣìṣe. Mízàjúù yẹn ló mú kí ó máa gbàgbé pé òun ti to dísìkì, àti pé bí ènìyàn bá ní kí ó tún dísìkì ṣe, ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Àwọn tó ṣe é ti kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ní àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn ń wá ojútùú.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ojútùú náà.

“Anicet, ìgbà wo?”

“Ṣọ́ọ̀bù méjì níhìn-ín, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nínú oṣù Kẹsàn-án.”

Nínú oṣù Kẹsàn-án. Ó wá síhìn-ín pẹ̀lú bàtà funfun, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì ti mọ̀. Ó ní òun rò pé tiwa kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó má tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìgbẹ̀bí yìí nígbà tí mo bá wà níbẹ̀. N kò pariwo. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kọkànlá

Ọjọ́ Tùsẹ́ǹ, àjọ̀dún gbogbo ènìyàn mímọ́. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí a dárí ji àwọn tó ṣẹ̀ wá. Mo ń gbìyànjú láti rí ojú ẹni tí n ó dárí jì, n kò rí i. “Àwọn mọ̀ nípa rẹ̀.” Ojú ta ni mo fẹ́ wò?

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kọkànlá

Mo gun sẹ́mì lọ sí Tchaada láti wá àwọn tí òjò dá dúró, epo bẹntiróòlù ti tún gbówó lórí, ọlọ́kadà náà ráhùn títí a fi dé. Mo rí mẹ́tàdínlógún nínú oko gbágùúdá, ó ń tu èpò pẹ̀lú oyún oṣù méje. Ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 oṣù Kọkànlá

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò wá. Tàǹtí Àrìnpé ló mú ọgbọ́n wá nígbà tí a ń jẹ ẹ̀wà.

“Báwo ni làbó ṣe ń pín nọ́ḿbà?”

“Bí wọ́n bá ṣe dé.”

“Ta ni ọgbọ̀n?”

Mo wò ó lójú. Bí wọ́n bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń jókòó. Ẹni tó ni ọgbọ̀n ti jókòó ti ẹni tó ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún wákàtí mélòó kan. Àwọn obìnrin kì í sì í jókòó ti ara wọn kí wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kọkànlá

Ọgbọ̀n ni Fàúzíyàtù, mo ti rí kánẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn; ó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Igolo, nítòsí bọ́dà. Àwọn alááru ń gbé ẹrù kọjá láàárín wa bí a ti ń sọ̀rọ̀.

“Ẹni tó jókòó tì mí? Mo rántí rẹ̀. Ó pupa, ó kéré ní ọjọ́ orí. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀rù làbó ń bà á, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀.”

“Ṣé ó sọ orúkọ rẹ̀?”

“Hàfísátù. Banigbé ló ti wá. Ó ní ọkọ òun ń mọ bíríkì, Àbdùlàzéèzì lorúkọ rẹ̀. Ó ní bí òun bá bí obìnrin, òun yóò sọ ọ́ lórúkọ ìyá òun.”

Oṣù méjì ti kọjá. Kò sí ẹni tó ní kí ó fi í pamọ́, kò sì gbàgbé ẹyọ kan níbẹ̀. Mo dúró láàárín aṣọ òkìrìkà, omi bọ́ lójú mi, inú ń bí mi sí i.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kọkànlá

Mo dé Banigbé ní aago mẹ́sàn-án kọjá. Ẹrẹ̀ ti sé ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Àwọn ọmọ fi ilé Àbdùlàzéèzì tó ń mọ bíríkì hàn mí. Kí n tó kágò ni mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jáde sí mi.

“Ó ti bí, Madáàmù. Òjò kò jẹ́ kí a lè gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀.”

“Ẹ kú ewu, Ìyá. Ìgbà wo ni?”

“Ọjọ́ Ajé. Wọ́n ti kírun ọ̀sán tán, aago mẹ́ta ni.”

Mo ka á lórí ìka mi lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́ta ọ̀sán òní ni ọjọ́ mẹ́ta yóò pé. Mo béèrè kánẹ̀ rẹ̀. Omi òjò ti wọ inú àpótí, ó ti di ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n igun kan kù tí mo lè kà: mẹ́ta, àti ọ̀kan.

Abẹ́rẹ́ náà kò sí ní ilé ìgbẹ̀bí wa, nítorí orúkọ la fi ń béèrè fún un, a kò sì ní orúkọ. Mo pe Augustin. Mo rò pé yóò sọ pé kí a kọ ìwé.

“Ó wà ní Àjàṣẹ́,” ló wí. “Mo ń lọ. Ẹ dúró tì í.”

Mo dúró. Mo ṣàlàyé fún Àbdùlàzéèzì, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ẹ ti ní orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò wọlé mọ́.

Aago méjìlá. Aago kan. Ìyá rẹ̀ gbé ògì wá, n kò lè mu ún. Aago méjì. Ní 2:25, mo gbọ́ ohùn Àbdùlàzéèzì. Ó ti lọ pàdé Augustin níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù. Sẹ́ẹ̀fù wa wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó gbá agolo yìnyín mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin. Ó fún Hàfísátù ní abẹ́rẹ́ náà ní 2:37.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó sọ fún mi láìgbójú sókè pé, “Ó yẹ kí n ti jẹ́ kí ẹ pa títò yẹn.”

Mo ní, “Ó yẹ bẹ́ẹ̀.” N kò fi nǹkan kan kún un. N kò sì yọ nǹkan kan kúrò.

Hàfísátù ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọbìnrin ni. Ìyá náà kò ju ogún ọdún lọ. Ó ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa láti àárọ̀.

“Madáàmù, ta ló pa orúkọ mi rẹ́?”

Ẹ̀rọ? Anicet? Sẹ́ẹ̀fù tó jókòó sílẹ̀ yìí? Èmi tí mo gbọ́ràn?

“Àwa náà wà níbẹ̀,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jìnnà. Wọn kò mọ̀ pé o wà.”

Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì.

“Ẹ lọ sọ fún wọn pé mo wà.”

Ọjọ́ Ẹtì, 8 oṣù Kọkànlá

Oòrùn yọ. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe sísítẹ́ẹ̀mù náà, ní Faransé, ojú ewé mẹ́rin. Pọ́ọ̀lù ní ó gùn jù, wọn kò ní í kà á dé ìdajì. Ó ní kí n fi ohun tí mo bá fẹ́ kí wọ́n rí sí iwájú pátápátá.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́: Obìnrin kan wà ní Banigbé tó ń jẹ́ Hàfísátù.